Èdè Wo Ló Bá Iṣẹ́ Yìí Mu?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú, ní Èrúwà

     

Nígbà tí lẹ́tà ìpè dé ọwọ́ mi, ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni èdè kọ̀ǹpútà tó dára jù lọ. Mo pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ lórí fóònù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yọ 'tó dára jù lọ' kúrò níbẹ̀." Ẹni tó bá wọ ilé alágbẹ̀dẹ, tó ní òun fẹ́ ra irinṣẹ́ tó dára jù lọ, alágbẹ̀dẹ á bi í pé, "Ṣé ebè lẹ fẹ́ kọ ni, àbí igi lẹ fẹ́ gé?" Bí kò bá rí èsì gbà, á kọjú sí ewìrì rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú yìí ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jókòó síwájú mi. Ọdún 1983 ni Dókítà Awójọbí dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Èrúwà, oníṣẹ́ abẹ ni. Nígbà tó di 1986, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbí. Gbogbo wa la mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára aláìsàn, iná ni ti òyìnbó ń jẹ, bó bá sì bàjẹ́, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá ohun èlò rẹ̀. Dókítà mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀. Ó fi àgbá gáàsì ṣe ìkòkò tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ kí kòkòrò ara wọn lè kú, ó sì ń fi ṣùkù àgbàdo dáná. Títí tó fi di olóògbé ní 2015, òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kàn láàárín àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní ìgbèríko. Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dára ju ẹ̀rọ òyìnbó lọ o. Ṣùgbọ́n ní Èrúwà, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá dá lówùúrọ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á ti tò ó kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn lọ. Kí á tó yan èdè tí a fẹ́ fi kọ sọ́fítíwià, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ibi tí sọ́fítíwià náà máa gbé, àti ẹni tó máa tún un ṣe nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá kọ̀ǹpútà tan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iná wà, iná kò sí: kò mọ̀ ju méjì yẹn lọ. (Ní ti èyí, ọmọ Nàìjíríà ni.) Èdè kọ̀ǹpútà ni ògbufọ̀ tó wà láàárín àwa àti òun. FORTRAN ti wà láti 1957 fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. COBOL tẹ̀ lé e fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àti owó. Python dé ní 1991. Java àti JavaScript dé ní 1995, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn tan ju bí ata ṣe bá ataare tan lọ. Go dé ní 2009, Rust ní 2015. Àwọn ọmọ Yorùbá kan tilẹ̀ ti ṣe Yorlang, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni èèyàn fi ń pàṣẹ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé JavaScript ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi kọ ìwé owó báńkì.

Ẹ bá mi ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ní 1989. Ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì náà, àti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland pawọ́ pọ̀ láti ṣe sọ́fítíwià tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá ti dúró rí níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn ìjọba mọ ìdí rẹ̀. Akọ̀wé á wọ inú yàrá, á máa tú fáìlì, á pẹ́, á jáde, eruku á ti kún ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Màmá, a ò rí káàdì yín o. Ẹ lọ ra òmíràn." Gbogbo àìsàn ọdún mẹ́wàá ti wọmi nìyẹn, dókítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èdè wo ni wọ́n fi ṣe é? MUMPS. Mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ara wọn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bí èdè náà, ní Massachusetts General Hospital ní ìlú Boston, láàárín 1966 sí 1967. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí ẹ bá fún nǹkan lórúkọ, tí ẹ fi àmì kékeré kan, ^, ṣáájú orúkọ náà, inú disk ló ń lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti bá a lọ́la. Bí ẹ kò bá fi àmì yẹn sí i, bí iṣẹ́ bá ti parí, ó lọ nìyẹn. Ẹ kò ní máa wá sọ́fítíwià mìíràn tó máa bá yín tọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹ sì wo bí àkọsílẹ̀ aláìsàn ṣe máa ń rí: ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀kan péré nítorí ibà, òmíràn ti wá nígbà ogójì, ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ti bímọ mẹ́ta níbẹ̀. MUMPS kò ní ká fi àyè òfìfo sílẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ nítorí ẹnì kejì. Lórí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, tí inú rẹ̀ há bí inú igbá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló gbé e dé Ifẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tó ti fẹ̀yìn tì sí ti fi MUMPS kọ sọ́fítíwià ńlá kan. Owó ìlú ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará Finland ti ń lo irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tiwọn, wọ́n mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn. Nítorí náà, àwọn ará Ifẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n mú apá tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n gbà wọlé, ẹni tí wọ́n gbé láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, àti ẹni tó ti lọ sílé, wọ́n tún un rán kó bá ara wọn mu. MINPHIS ni wọ́n wá ń pe ohun tó jáde níbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní Nàìjíríà náà sì lò ó.

Ká ní èmi ni wọ́n bi nígbà náà, C ni ǹ bá ní kí wọ́n lò, nítorí C ló ń dùn lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́. Wọn ì bá sì tún ti fi ọdún mélòó kan kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ tán. Àmọ́ ohun tí wọ́n yàn ní owó orí tirẹ̀. Èdè tí àwọn àgbà rẹ̀ wà ní Boston àti Kuopio, èèyàn kì í ṣàdédé pàdé ẹni tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Àfi kí wọ́n máa kọ́ ọmọ tuntun ní gbogbo ìgbà. Ohun tó gbà wọ́n ni pé yunifásítì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kíkọ́ ọmọ sì ni iṣẹ́ yunifásítì. Ká ní oníṣòwò kan ló gbé e wá, tó gbowó rẹ̀, tó wọkọ̀ padà sílé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ lónìí.

Ẹ má sì rò pé MUMPS ti kú. Epic, sọ́fítíwià tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà lónìí, orí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ló jókòó lé. Bí ẹ bá ní àbúrò tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston, ó ṣeé ṣe kó máa lò ó lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Òmíràn wà nínú àpò yín báyìí. Erlang ni èdè tí àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ lò fún àwọn sáfà wọn. Ericsson, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1986 fún ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpè ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá já, kò gbọdọ̀ fa èkejì lulẹ̀. Àwọn ará WhatsApp kò lọ síbi tí ariwo wà. Wọ́n wo iṣẹ́ wọn, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni, wọ́n sì tọ àwọn tó ti ń ṣe tẹlifóònù lọ. Nígbà tí Facebook fẹ́ fi bílíọ̀nù 19 dọ́là rà wọ́n ní 2014, nǹkan bí mílíọ̀nù 450 èèyàn ló ń lò ó, àwọn ẹnjiníà tó sì ń bójú tó gbogbo rẹ̀ kò ju bí 32 lọ.

Ní ti àwa Yorùbá, ẹjọ́ kan wà tí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í bá wa dá. Lẹ́tà mélòó ló wà nínú Ọ̀yọ́? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ní mẹ́ta. Ẹ bi Swift, èdè tí Apple gbé jáde ní 2014: òun náà á ní mẹ́ta. Ẹ bi Python, á ní márùn-ún. Ẹ bi Go, kí ẹ lo len tó wà nínú rẹ̀, á ní mọ́kànlá. Kò sì sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, Ọ tó ní àmì lábẹ́ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀ tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní lókè kò ní. Ẹyọ méjì ni wọ́n fi ń tò ó pọ̀. Python ń ka ẹyọ. Go ń ka báìtì, ìyẹn àyè tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Swift nìkan ló ń ka ohun tí ojú èèyàn rí. Bí kíbọọ̀dù tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bá sì jẹ́ irú èyí tó ń ya àmì ìsàlẹ̀ pàápàá sọ́tọ̀, Python kan náà á ní méje.

Ẹ̀yin àgbà lè ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn yín. Wọ́n fi orúkọ ìyá kan, Ọ̀pẹ́yẹmí, sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan, Ọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ méjì. Ó dé ọ́fíìsì kejì, wọ́n fi kíbọọ̀dù mìíràn tẹ̀ ẹ́, Ọ̀ di ẹyọ mẹ́ta. Lójú tèmi tiyín, orúkọ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ní òun kò gbọ́ ọ rí. Akọ̀wé á gbójú sókè, á ní, "Màmá, orúkọ yín ò sí níbí o." A ti padà síwájú fèrèsé àná nìyẹn, tòun ti kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ìwòsàn rẹ̀ wà: kí sọ́fítíwià kọ́kọ́ tún gbogbo orúkọ tò sí irú kan ṣoṣo kó tó fi wọ́n wé ara wọn. Ìlà kan ni nínú Python. Àmọ́ ẹni tí kò kọ Yorùbá lámì rí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ ìlà yẹn. Ti SMS tún wà níbẹ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ kan ṣoṣo tó ní àmì lábẹ́ sínú rẹ̀, ó di 70. Ẹgbẹ́ tó ń fi Yorùbá ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máa ń rí i nínú owó tó ń san, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí owó gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí mi ò ní dárúkọ, ní kí n bá àwọn kọ sọ́fítíwià: ta ló dá owó, ta ló yá owó, èlé jẹ́ èló. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Scala nígbà náà, ó sì ń dùn mọ́ mi bí oyin. Ohun tí Java fi ogún ìlà sọ, ìlà mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo jókòó tì í fún oṣù mẹ́rin, mo gbé iṣẹ́ aláràbarà kan fún wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wúre fún mi títí.

Lọ́dún kejì, ìpàdé gbogbogbò ní kí èlé kúrò ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, kó di mẹ́fà, àmọ́ kí ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ ṣì máa san márùn-ún. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni. Mo ti kó lọ sí Èkó, iṣẹ́ ti bò mí mọ́lẹ̀, mò ń sọ pé "n ó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n bá pe ọmọ kan ládùúgbò tó ń fi PHP ṣe wẹ́ẹ̀bù fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé. Ọmọ náà wo iṣẹ́ mi fún ọjọ́ méjì, ó dìde, ó ní, "Màmá, ẹni tó kọ èyí nìkan ló lè kà á." Nígbà tí mo débẹ̀ níkẹyìn, mo bá kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, wọ́n fi àǹkárá bò ó, ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ owó sì wà lórí àǹkárá náà, bíróò sáàárín rẹ̀. Ìyá kò bú mi. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ẹ̀kọ́ ni." Ó dùn mí ju èébú lọ.

Kò sí àléébù lára Scala. Twitter lò ó, ó sì gbé wọn. Èmi ni mo yan èdè tó bá èmi lára mu, mi ò yan èyí tó bá ẹgbẹ́ náà mu. PHP ni iṣẹ́ náà báyìí. Ọmọ àdúgbò yẹn ló tún un kọ. Kóòdù rẹ̀ gùn, kò dán, ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé àwọn ọlọ́rọ̀ bọ́ nínú irú àṣìṣe yìí. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gómìnà New Jersey ní Amẹ́ríkà bọ́ síta níwájú àwọn oníròyìn, ó ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL, nítorí èdè yẹn ni wọ́n fi kọ ètò tó ń sanwó fún aláìríṣẹ́ ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé èdè àtijọ́ ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ètò tó ti ń sanwó fún ọ̀pọ̀ ọdún kò jẹ̀bi. Àwọn tí kò kọ́ arọ́pò ló jẹ̀bi. COBOL sì mọ ohun kan tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbàgbé, ìyẹn kíka owó. Ẹ ní kí JavaScript tàbí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ohun tí ẹ máa rí ni 0.30000000000000004. Nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, òkìtì irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ á di kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ á di náírà, náírà á di ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn èdè yìí ka owó, kó máa fi kọ́bọ̀ odidi kà á, kó má fi náírà tó ní ìdá nínú kà á.

Òmíràn tó yẹ kí n dárúkọ kí n tó jókòó: ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti àwọn ará Yúróòpù fọ́ yángá lójú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú kan tó gbéra. Ada ni wọ́n fi kọ sọ́fítíwià rẹ̀, èdè tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ tí àṣìṣe kò gbọdọ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n ara Ariane 4 ni wọ́n ti ṣí apá kan kóòdù náà. Ariane 5 yára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nọ́ńbà tó jáde tóbi ju àyè tí wọ́n pèsè fún un. Èdè náà dára. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí kóòdù náà ń kó lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n dárúkọ kan. Ẹ fi Python bẹ̀rẹ̀, ẹ fi JavaScript kún un nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gbọ́ ọ, ẹ má sì fojú di PHP. Bó bá jẹ́ áàpù fóònù lẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ yá fóònù ìyá yín, ẹ wo àyè tó kù nínú rẹ̀, kí ẹ tó yan èdè tí áàpù rẹ̀ máa ń wúwo. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Èrúwà yìí, ẹ jókòó tì í ní ọjọ́ ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ máa wo bó ṣe ń kọ̀wé. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yín sílẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ̀yin onílé-ìwé: bí ẹnikẹ́ni bá gbé sọ́fítíwià wá bá yín, ì báà jẹ́ èmi, ẹ gba kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó mú ẹnì kan tó ń gbé ní Ìbàràpá wa níbí wá, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, kí onítọ̀hún jókòó níwájú yín, kó yí èlé kúrò ní márùn-ún kó di mẹ́fà. Bí kò bá rí ẹni mú wá, ẹ má tíì sanwó.